Òróró Tí Mo Ta Sórí Irin Ọ̀gá Tíámíyù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ṣé ẹ ti fura sí èèyàn rí débi pé ẹ fi ọwọ́ ara yín ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, tẹ́ ẹ sì tún pè é lólè? Èmi ti ṣe é. Mo ń gbààwẹ̀, mi ò kì í pa ìsọjí jẹ, síbẹ̀ mo ba orúkọ ọmọlọ́mọ jẹ́ lọ́sàn-án gangan.

Ẹ̀rọ ìfági ọkọ mi la fi ń jẹun ní Okokomaiko. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, ó ju àkọ́bí wa lọ lọ́jọ́ orí. Látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ mi jókòó sílé, èmi ni mò ń bójú tó iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, pákó ń jáde ní págunpàgun. Ọ̀gá Tíámíyù, tọ́nà tó ń gé irin ní Ìbà, tú u wò, ó ní ibi tí bíárìn, òrùka irin yẹn, ń jókòó sí lára ṣáàfù, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ, ti jẹ, kò fún mọ́. Ó gbé ṣáàfù lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àyà mi já! Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ní àwọn tọ́nà máa ń pààrọ̀ irin onírin. Ta ló mọ èyí tí yóò gbé padà? Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi lo tèmi kọjá ìwọ̀n.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló gbé e dé, ó ń dán gbinrin. Irin àtijọ́ wo ló ń dán báyìí? Ó fi pẹtiróòlù nù ún, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́, ó sì yọ ìgò kékeré kan lápò. Ó ní gọ́ọ̀mù irin ni, òun ló máa di bíárìn mú. “Ẹ jẹ́ n kírun dé ná. Ìyá Àdúrà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o, títí kan ẹ̀yin alára. Mo mọ̀ yín, ẹ lè gbọ́wọ́ lé e kẹ́ ẹ máa fèdè fọ̀!” Àwọn káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Kí ló fi síbẹ̀ tọ́wọ́ ò fi gbọdọ̀ kàn án? Bó ṣe kẹ́yìn sí mi, mo ta òróró àdúrà síbẹ̀ gan-an, mo fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bò ó, mo sì fi etí ìró mi nù ún kó má baà mọ̀.

Ó dé, ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó ti bíárìn wọlé. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí bíárìn tún ń yí lófìfo, èéfín ń rú. Mo ránṣẹ́ pè é, mo sì pariwo lé e lórí láàárín àwọn oníṣẹ́ pákó: “Ẹ ti pààrọ̀ ṣáàfù ọkọ mi! Olè ni yín!”

Ó wò mí. “Ìyá Àdúrà, ṣé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan irin yẹn?”

“Ọlọ́run gbọ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.”

Ẹ gbọ́ irọ́! Látọjọ́ náà, wọn ò gbéṣẹ́ fún un mọ́ ládùúgbò wa. Tọ́nà míì wá láti Ọ̀jọ́, ó ní gọ́ọ̀mù irin kì í mú níbi tí epo bá kàn. Òróró àdúrà mi ló ṣe é! Mo gbé ṣáàfù náà síwájú ọkọ mi. Ó fọwọ́ wá ìdí rẹ̀, ó kan ojú ìṣó mẹ́ta tó fúnra rẹ̀ lù síbẹ̀ nígbà tó rà á. “Tèmi nìyí. Ta ló ní wọ́n pààrọ̀ ẹ̀?”

Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé ibi tí mo ti pe Ọ̀gá Tíámíyù lólè náà ni n ó ti jẹ́wọ́. Oṣù mẹ́rin ni ìtìjú fi dè mí lẹ́nu. Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ mi, ohun tí kò bá yé yín, ẹ béèrè. Ẹ má fi àdúrà bo ìfura mọ́lẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo lọ bẹ̀ ẹ́ ní Ìbà pé kó bá mi kálọ. “Ṣé ẹ fẹ́ pè mí lólè lẹ́ẹ̀kejì ni?” Ó ṣáà tẹ̀ lé mi. Nígbà tá a dé ibi iṣẹ́ wa, mo ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ, mo kúnlẹ̀ sínú lẹ́búlẹ́bú pákó, mo sì sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́: “Ọ̀gá Tíámíyù ò jalè. Èmi ni mo ta òróró sí irin, èmi náà ni mo fi Ọlọ́run búra èké.”