Apá Táyé

Láìpẹ́ sígbà òmìnira, mò ń dúró ní Èjìgbò kí bàbá kan lẹ táyà kẹ̀kẹ́ mi, ni obìnrin kan tó pọn ọmọ bá gbé ọmọláńgidi rọ́bà tí apá rẹ̀ ti já dé.

Bàbá ní, "Ìyàwó, ju ọmọláńgidi yìí nù. Kí ọkọ rẹ ra òmíràn bọ̀ láti Abíjàn."

"Bàbá, Táyé lẹ ní kí n jù nù yẹn. Látìgbà tó ti padà lẹ́yìn wa, èyí la fi rọ́pò rẹ̀. Kẹ́hìndé rèé lẹ́yìn mi."

"Gọ́ọ̀mù táyà ni mo ní."

"Ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Títí yóò fi mú, ibí ni mo wà."

Bàbá pa táyà mi tì. Ó ha ojú ibi tó já, ó lẹ̀ ẹ́, ó sì dì í mú pẹ́. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún un.

"Ìyá Ìbejì, rọra gbé e o. Apá Táyé ò tíì gbẹ."