Iṣẹ́ Abẹ Láìla Ikùn

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Kubwa lọ sí Garki, obìnrin méjì jókòó níwájú mi.

Èyí àbúrò ní, "Áńtí, wọ́n ní àfi kí wọ́n yọ àpò òróòro mi, òkúta ti wà nínú ẹ̀. Àpá ikùn màmá mi ni mò ń rò."

"Wọ́n yọ tèmi náà, wọn ò sì la ikùn mi. Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n lu ihò kéékèèké, wọ́n ti kámẹ́rà tín-ín-rín wọlé, wọ́n ń wo inú mi nínú tẹlifíṣọ̀n."

"Kò dùn yín?"

"Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kàn yà wọlé, wọ́n mú ohun tí wọ́n wá mú, wọ́n jáde."

Àbúrò tún un sọ jẹ́jẹ́: "Wọ́n kàn yà wọlé." Ó wá pe ọkọ ẹ̀ lórí fóònù: "Ẹ sọ fún dókítà pé mo ti ṣetán."