Ta Ni Kó Kun Ojú Kejì?

Alága wa, Bàbá Karasawa, tí ẹ ti ń darí ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà Shirakaba kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú. Ẹ̀yin àgbà ilé tí wọ́n ti ń ṣe dígí kámẹ́rà. Ọ̀gbẹ́ni Nishiwaki, tí ẹ ṣojú àwọn tó ra ìpín wa. Ẹ̀yin èèyàn mi ní ìlú Okaya, mo kí yín. Àbí kí n má pè yín ní èèyàn mi mọ́? Láti àárọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti rú mi lójú.

Ẹ mọ̀ mí, èmi Kuwabara Setsuko. Ilé-iṣẹ́ tó ń ra ilé-iṣẹ́ tó ń dákú, tó ń tọ́jú rẹ̀, tó sì ń tún un tà, ló rán mi wá láti Tokyo. Fóònù tó ń ya fọ́tò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu yín nígbà náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń nu dígí títí á fi dán, bí yìnyín tilẹ̀ bo adágún Suwa, ẹ̀yin lẹ gbé e dìde. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà.

Lánàá la ta ìpín wa, a sì jèrè. Ọ̀gá mi ń jó ní Tokyo. Mo wọlé síbí láàárọ̀ yìí, Màmá Ushiyama tó ń nu dígí ní, "Setsuko, ṣé ká rẹ́rìn-ín ni àbí ká sunkún? Sọ fún wa, ká lè mọ ojú tá a máa gbé wá."

Ẹ wo dárúmà orí tábìlì yìí, ère pupa tí a fi ń tọrọ ohun tá a ń fẹ́. Ọjọ́ tí mo dé la jọ kun ojú kan fún un, a fi ìkejì sílẹ̀ di ọjọ́ tí ohun tá a ń fẹ́ bá ṣẹ. Ṣùgbọ́n ta ló sọ tiẹ̀ jáde nínú wa? Kò sí! A kàn ń tẹrí ba fún ara wa ni. Èmi ń fẹ́ kó tó tà. Ẹ̀yin ń fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ yìí má kúrò ní Okaya. Ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Báyìí, Bàbá Karasawa ti gbé búrọ́ọ̀ṣì fún mi pé kí n kun ojú tó kù. Tèmi kúkú ti ṣẹ. Kí ló wá dé tí mi ò tíì kùn ún?

Ọ̀gbẹ́ni Nishiwaki, búrọ́ọ̀ṣì rèé. Bẹ́ ẹ bá lè sọ lójú gbogbo wa pé ilé-iṣẹ́ yìí ò ní kúrò lẹ́bàá adágún, ẹ dákun, ẹ wá kùn ún.

Ẹ̀ ń wo bàtà yín. Ó dáa. Mi ò bá yín jà. Èmi náà ti jókòó sórí àga yẹn rí.

Kí ọwọ́ yín má rọ. Kí iná ilé yìí má kú. Kí àwọn ọmọ yín rí ibí yìí bá. Mi ò mọ̀ bóyá oore ni mo ṣe yín, àbí ṣe ni mo tà yín. Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ dúró kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ná. Ẹ ṣé o.