Òwú Inú Agolo Ìṣó

Bí mo bá tún pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra di ọ̀la, mi ò mọ̀ bóyá ọ̀la máa bá mi níbí. Dókítà tó ń tọ́jú ọkàn mi kò fi epo bọyọ̀ fún mi. Ó ní kí n pe àwọn ọmọ mi jọ. Mo ti pè wọ́n. Àmọ́ ọmọ Káfíńtà ni ọ̀rọ̀ yìí tọ́ sí, òun ni mo sì ń kọ ọ́ sí. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ kà á, kó kà á. Kò sí iyì kankan tí mo tún ń dáàbò bò.

Ọmọ Káfíńtà, lánàá tí o wá kí mi, o jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, o bó ọsàn fún mi, o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. O ní ní gbogbo àdúgbò yìí, èmi nìkan ni mo sọ òótọ́ fún ọ nípa bàbá rẹ. Mo gba ọsàn náà, mo sì jẹ ẹ́ tán. Wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ẹranko. Iṣẹ́ mi kò ju kí n kọ káàdì, kí n fọ ilẹ̀, kí n sì to àwọn tó gbé ẹran ọ̀sìn wá sórí bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà kì í dilẹ̀, àwọn èèyàn a máa bi mí ní ìbéèrè, èmi náà a sì máa dá wọn lóhùn. Ẹni tí mo bá rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le, mo máa ń dá a padà láì kọ káàdì fún un. Dókítà kì í mọ̀ pé wọ́n wá, torí ẹni tí kò bá ti ní káàdì, kò wá nìyẹn. Bí wọ́n ṣe sọ mí ní Dókítà Ẹnu-ọ̀nà nìyẹn. Wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni o, àmọ́ orúkọ náà dùn mọ́ mi ju èyí tí ìyá mi sọ mí lọ.

Mo ní ọgbọ́n kan tí mo jí kọ́. Bí dókítà bá ń yẹ ojú ajá tó ti dàgbà wò, mo máa ń yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Dókítà á já díẹ̀ lára òwú tí wọ́n fi ń nu egbò, á jù ú sílẹ̀ níwájú ajá. Òwú kì í dún, kò ní òórùn, nítorí náà bí ajá bá tẹ̀ lé e, ojú ló fi rí i. Mo máa ń gbọ́ tó ń sọ fún àwọn èèyàn pé ojú ajá àgbà a máa ṣú bí èéfín, méjèèjì lọ́gbọọgba, láì pọ́n, láì dùn ún, àti pé ìyẹn kì í ṣe àrùn. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Ohun tí mi ò rí, torí ẹ̀yìn ni dókítà máa ń kọ sí mi, ni pé ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan kó tó ju òwú fún ìkejì. Ààbọ̀ iṣẹ́ ni mo jí, òun ni mo sì ń fi ṣe ọ̀gá lórí bẹ́ǹṣì.

Ọjọ́ Ajé ni bàbá rẹ mú Bámidalẹ́ wá. Ìwọ lo fi ajá náà sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ gbé ọ lọ sí ìlú mìíràn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o ń lọ, tí o sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan ṣe é." Ajá ọdún mọ́kànlá, àgbà tó mọ ara rẹ̀ lágbà, tí kì í dìde kí èèyàn mọ́. Ojú ọ̀tún rẹ̀ pọ́n, ó ń ṣomi. Ìyẹ̀fun igi ṣì wà lára irun apá bàbá rẹ. Ó ní láti àná ni ajá náà ti ń fi orí gbún ẹsẹ̀ tábìlì, kò sì jẹun. Mo já òwú, mo jù ú. Ajá tẹ̀ lé e. Ojú òsì ló fi tẹ̀ lé e, àmọ́ kí ni mo mọ̀? Mo ní, "Bàbá, ọjọ́ orí ni. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ wo ojú yín nínú dígí." Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ náà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Ọjọ́rú ló padà wá. Dúdú ojú ọ̀tún ti fẹ̀ ju ti òsì lọ, ojú náà sì ti ṣú bí dígí tí wọ́n mí sí. Ajá tí kì í gbó mọ́ ọmọdé kùn sí mi nígbà tí mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Bàbá rẹ rọra sọ pé òun fẹ́ rí dókítà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú. Dókítà wà nínú yàrá, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí wa, ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní dókítà kò ráyè fún ọ̀rọ̀ ogbó. Mo já òwú tuntun, mo fi lé e lọ́wọ́, mo ní kó máa jù ú fún ajá láràárọ̀ nílé. Níwọ̀n ìgbà tí ajá bá ti ń tẹ̀ lé e, kó má yọ wá lẹ́nu. Ó fi òwú náà sínú àpò àyà rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa. "Ẹ ṣé o, Dókítà," ló wí. Àgbàlagbà tó tó bí mi lọ́mọ.

Nígbà tó pé ọjọ́ méje, mo lọ gba káàdì tuntun lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dé, ilẹ̀kùn yàrá dókítà wà ní ṣíṣí, bàbá rẹ wà lórí àga, Bámidalẹ́ wà lórí tábìlì. Dókítà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, ó ju òwú. Òwú balẹ̀, ajá ò mira. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọwọ́ yẹn. Dókítà ní omi inú ojú náà ni kò rí ọ̀nà jáde, tó kún, tó ń ti ojú láti inú. Ìrora rẹ̀ ló ń mú kó máa gbún orí. Ó ní ojú tó bá pọ́n, tó ń ṣomi, tí ajá ń dì pa, tí dúdú rẹ̀ sì fẹ̀ ju ìkejì lọ, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń gbé e wá, kì í ṣe ọ̀la. Eléyìí ti fọ́. Yíyọ ni òun máa yọ ọ́ kí ìrora lè tán, ìkejì náà sì lè tẹ̀ lé e. Ó wá bi bàbá rẹ pé kí ló dé tí wọn ò tètè wá.

Mi ò jẹ́ kí bàbá rẹ la ẹnu. Mo ní, "Èmi náà fẹ́ bi wọ́n ni, dókítà. Bàbá, ẹ ṣe jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí?"

Bàbá rẹ wò mí. Kò bínú. Ó wò mí bí káfíńtà ṣe ń wo pákó tó ti rò pé ó dára, kó tó rí ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi bọ́ nìyẹn, ó sì mọ iye ọmọ tí mo ń dá tọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, dókítà. Èmi ni mi ò tètè fura." Ó bò mí láṣìírí níṣojú mi, mo sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ǹ bá pè é ní àìmọ̀kan. Àmọ́ o dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí ojú òsì náà ti ń lọ. O bá mi ní ẹnu ọ̀nà, ẹkún ti wú ojú rẹ. O ní bàbá rẹ ń sọ pé òun ti wá lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀ tí wọ́n dá òun padà, o sì béèrè káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí ju ti ọjọ́ tó kẹ́yìn mú jáde. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi," lo wí. "Ṣé wọ́n gbé e wá ni?"

Mo ṣí ìwé ńlá tí mo ń kọ orúkọ àwọn tó gba káàdì sí níwájú rẹ. Mo ń fi ìka wá ohun tí mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo mi orí. Mo ní, "Ọmọ mi, ogbó ti dé sí wọn. Wọn ò gbé e wá." Mo tiẹ̀ ní kí o bi dókítà, torí mo mọ ohun tí bàbá rẹ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú rẹ̀ láti fi gbà mí. Àánú tí ọkùnrin yẹn ṣe mí ni mo fi dè é. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé, mi ò ṣe èyí tó burú tó o.

O mú ajá rẹ lọ. Ọdún mẹ́ta ni o ò fi ẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ. Mo máa ń kọjá níwájú rẹ̀, á sì kí mi, á ní, "Dókítà, ṣé ẹ gbúròó ọmọ mi?" Màá ní rárá. Lọ́jọ́ kan, ó dá ayùn dúró, ó ní bí o ṣe bínú kò dun òun, bí o ṣe rò pé òun purọ́ fún ọ ló dun òun. Mo ní kó máa mú sùúrù, mo sì kọjá lọ ra búrẹ́dì. Láàárín oṣù yẹn ló kú. Èmi yìí ni mo wá bá ọ kẹ́dùn, tí mo sunkún ju àwọn ẹbí lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bá fi sí ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn wọlé. Bí o bá ní ajá àgbà tí ojú rẹ̀ yí padà, má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì; wá ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà tán, kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Ní tèmi, mi ò ní kí o dárí jì mí, ọmọ Káfíńtà. Ẹni tó lè dárí jì mí ti wọ ilẹ̀ lọ, ajá náà sì ti tẹ̀ lé e.

Lánàá, nígbà tí o ń palẹ̀ èèpo ọsàn mọ́, o ní o ń tún ṣọ́ọ̀bù ṣe, o sì rí agolo ìṣó kan lórí pẹpẹ tí kò sí ìṣó kankan nínú rẹ̀, àfi òwú bíńtín tó ti dọ̀tí. O bi mí pé kí ni káfíńtà ń fi òwú ṣe. Mo ní mi ò mọ̀. Orí ibùsùn ikú, mo tún purọ́. Èmi ni mo já a fún un. Láràárọ̀ ló ń jù ú fún ajá rẹ, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ní kó ṣe. O béèrè káàdì lọ́wọ́ bàbá rẹ lọ́jọ́ yẹn, òwú yẹn ni káàdì rẹ̀. Jọ̀ọ́, má jù ú nù.