Ooru Díẹ̀ Tí Mo Fi Kún Un

Ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́, dókítà ti sọ iye ọ̀sẹ̀ tó kù fún mi, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ẹ bá mi pe àbúrò wa obìnrin tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, kí ẹ ka ìwé yìí sí i létí.

Iṣẹ́ wa nígbà náà ni láti mọ bí purotéènì, èròjà kan tó wà nínú funfun ẹyin, ṣe ń dì bí iyọ̀, tó ń di kirisítà. Maikirosikóòpù wa, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín ń rá lórí nǹkan láti fi yàwòrán rẹ̀, lágbára débi pé a ń rí i bó ṣe ń dàgbà, ìpele lórí ìpele. Èmi ọ̀gá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé pẹrẹsẹ ni ìpele kọ̀ọ̀kan ń tẹ́. Àbúrò yìí, tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́, ló wá rí i pé ṣe ló ń lọ́ yípo gòkè bí ìkarahun ìgbín. Ó kígbe ayọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó! Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ti tún un ṣe!" Mo wò ó. Òótọ́ ni. Mo ní, "Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ló ha á." Irọ́ ni mo pa, mo sì mọ̀. Ìtìjú ìwé tí mo kọ ló ká mi lára.

Àbúrò mi kó àwòrán rẹ̀ lọ han ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wa, ìyẹn ní àwòrán ò tó, òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Lọ́jọ́ tó yẹ kó wá, nígbà tí àbúrò mi lọ jẹun ọ̀sán, mo wọ yàrá náà, mo yí bọ́tìnnì, mo fi ooru díẹ̀ kún àpótí tí àwọn kirisítà náà wà. Kí ọ̀gá àgbà tó dé, iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ ti yọ́ dànù. Wọ́n bi àbúrò mi pé ta ló yí bọ́tìnnì ooru náà. Ó kọjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn, ẹ mọ̀ mí." Bàtà mi ni mò ń wò. Mo ní, "Ó máa ń gbàgbé nǹkan." Gbólóhùn yẹn burú ju ooru náà lọ. Wọ́n lé e lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ẹlòmíràn rí ohun tó rí, ayé sì pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, àbúrò mi wá kí mi ní ọsibítù. Ó tún ìrọ̀rí mi ṣe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lanu jẹ́wọ́ ni ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Mo dójú tì yín nígbà yẹn. Títí dòní, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mò ń padà lọ wo sítóòfù bóyá mo ti pa á kí n tó jáde nílé." Ó lọ, n kò sọ ọ́.

Àbúrò mi, o ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo yí i. Bí o bá lè forí jì mí, jọ̀wọ́. Bí o ò bá lè ṣe é, mo gbà. Ṣùgbọ́n má tún bẹ ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí ohun tí o kò ṣe.