Ẹ Má Rà Á, Kì Í Ṣe Ẹ Máa Rà Á

Má, Àǹtí Fúnkẹ́, má ni mo kọ, kì í ṣe máa, ẹ má rà á, ìkìlọ̀ ni, bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ń sọ fún Shalom ọmọ-ọmọ yín pé má fọwọ́ kan sítóòfù, ṣé Shalom a wá gbọ́ ọ pé kí òun máa fọwọ́ kàn án lọ? Àbúrò yín ka ìkìlọ̀, ó sọ ọ́ di àṣẹ, ó lọ ra rédíò, ọlọ́pàá gbé rédíò lọ, ó wá dìde dúró ní ìjọ wọn ní Marzahn, ní Berlin, lójú ọkùnrin lójú obìnrin, ó ní Ọláṣẹ̀hìndé tó ń fẹ́ Dérìnsọ́lá ọmọ òun ló ti òun sínú ọ̀fìn. Èmi. Èmi tí mo ní kó má rà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá sí i. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, nítorí bí a bá dà á pọ̀, ẹni tó bá pariwo jù ni yóò jàre. Kí ni àbúrò yín ń wá? Ìjọ wọn ń ṣe àdúrà nínú ilé rẹ̀, obìnrin Jámánì tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn, Frau tí kì í kí ènìyàn lórí àtẹ̀gùn yẹn, a sì máa pe Polizei, àwọn ọlọ́pàá, nígbàkígbà tí orin bá ti gòkè. Àbúrò yín rò ó títí, ó ní bí òun bá rí rédíò tó lè gbọ́ ohun tí àwọn ọlọ́pàá ń bá ara wọn sọ, òun óò mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rán wọn bọ̀, ìjọ óò sì ti rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tó sọ ọ́ fún mi. Bàbá ìyàwó ni, ta ní í fi bàbá ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín?

Ó fi àwòrán rédíò mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi, ó ní, "Ìwọ tó o kàwé nípa ìgbì rédíò, èwo ni kí n mú?" Inú ọkọ̀ ojú irin U2 ni mo wà, mo ń ti Billstedt lọ síbi iṣẹ́. Kò sí èyí tó lè gbọ́ ọlọ́pàá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe pé wọn kò dára o. Àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ yìí ti fi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀rọ̀ wọn pa, ohùn wọn ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá bí àlọ́ tí a gbé ìtumọ̀ rẹ̀ pamọ́, rédíò tó bá gbá a mú kò lè sọ ju hùùù lọ, kódà bí wúrà ni wọ́n fi rọ ọ́. Òfin kò sì gbà kí ènìyàn fetí sí ọ̀rọ̀ tí a kò bá a sọ. O lè ra rédíò náà, o lè fi í gbọ́ àwọn tí ń fi rédíò ṣeré láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n bí o bá kọjú rẹ̀ sí ọlọ́pàá, o ti wá ẹjọ́. Àlàyé yìí gùn, ọkọ̀ ń wọ abẹ́ ilẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ, mo yára kọ ọ́: e ma ra a sir, maa pe yin. Mo sì pè. Ṣé ó sọ fún yín pé mo pè? Mo pè títí, kò gbé e, ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta rédíò.

Ẹ ní kí ló dé tí n kò fi àmì sí i. Àǹtí, ta ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ẹ̀yin kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lánàá pé ẹ ti se ọbẹ̀, kò sí àmì kan lórí rẹ̀, mo sì wá, n kò rò pé ọ̀bẹ lẹ sè. Làákàyè la fi ń ka ohun tí kò ní àmì. Ẹni tó bi mí pé èwo nínú mẹ́ta, ṣé "ẹ máa rà á" ni ìdáhùn rẹ̀? Rà á, èwo nínú wọn ni "á"? Ibẹ̀ ló yẹ kó ti fura. Àti pé ohun tí a ń ṣe léraléra la fi "máa" sọ, ẹ máa jẹun, ẹ máa gbàdúrà, ṣé rédíò ló fẹ́ máa rà láràárọ̀ bíi búrẹ́dì? Ó mú èyí tí ọ̀pá eríálì rẹ̀ gùn jù. Ó ní ìyẹn ló jọ ti ìjọba.

Dérìnsọ́lá wà níbẹ̀, òun ló sọ bó ṣe lọ fún mi. Wọ́n tan rédíò, ọkùnrin méjì ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n ń ka lẹ́tà àti nọ́ńbà síra wọn, àbúrò yín ní ọlọ́pàá nìyẹn, àṣírí wọn ni wọ́n ń kà, kí gbogbo ìjọ dákẹ́. Ìjọ dákẹ́. Àwọn bàbá arúgbó méjì ni, Àǹtí, wọ́n ń sọ nípa òjò àti wáyà orí òrùlé wọn. Nígbà tí wọ́n kí ara wọn pé ó dàbọ̀, àbúrò yín ní ọlọ́pàá ti kọjá lọ, ó ní kí wọ́n gbé orin sókè, wọ́n sì gbé e ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣebí ẹ̀rọ ń ṣọ́ wọn. Àárín orin ni ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn. Obìnrin ọlọ́pàá kan nàka sí orí tábìlì, ó bi í pé kí nìyí. Kí ni àbúrò yín fèsì? Ó ní rédíò tí òun fi ń gbọ́ yín ni. Jámánì tó mọ́ kedere ló fi sọ ọ́. Ọkùnrin tí kò gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu ọlọ́pàá láti inú ẹ̀rọ yẹn fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá pé òun ń gbọ́.

Kì í ṣe ìyẹn ló dùn mí. Ẹ̀yin lẹ ṣe alárinà wa, ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti gba àyè níbi iṣẹ́ láti wá fún mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́. Àbúrò yín ní kò sí mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ kankan mọ́, àfi bí mo bá lọ bá Polizei ní Berlin, kí n ní èmi ni mo ni rédíò, kí n ní èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Ó ní àna tó bá fẹ́ràn òun yóò bá òun ru ẹrù òun. Ẹ ránṣẹ́ pè mí wá sílé yín ní Jenfeld níbí, mo rò pé ẹ ti bá a wí. Mo jókòó, ẹ bu oúnjẹ fún mi, kí n tó bu òkèlè kejì ẹ ní irọ́ kékeré ni, ẹ ní ó ti dàgbà, ẹ ní ọ̀dọ́ ni mí, yóò tètè kúrò lára mi.

Kò ní kúrò lára mi. Bí mo bá gbà á lónìí pé èmi ni mo ni rédíò, lọ́la bí àga bá ṣẹ́ nílé rẹ̀, èmi ni, bí omi bá jò sórí Frau ìsàlẹ̀, èmi ni, bí ọmọ wa bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́, ta ni yóò ní ó jọ? Bí ó bá fẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí dé ibi tí ọkọ̀ tram ń dúró sí, mo ti ṣe tán, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀sùn yẹn ni n kò ní gbà.

Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè pe Olúdàpọ̀ lórúkọ gbọnrangandan kó dáhùn. Ẹ pè é, nísinsìnyí, lójú mi. Rárá, ẹ má kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ pè é, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ bóyá òun óò fún mi lọ́mọ láìsí irọ́ tàbí òun kò ní fún mi. Mo ti sọ fún Dérìnsọ́lá pé mo wà lọ́dọ̀ yín, ó ní ohunkóhun tí bàbá òun bá sọ, kí n sọ ọ́ fún òun bó ṣe rí, òun náà óò wá sọ tirẹ̀.

Ó ń dún. Ẹ gbé e sórí tábìlì kí ohùn rẹ̀ lè jáde. Ẹ jẹ́ kí èmi bá a sọ̀rọ̀, Àǹtí.

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ọláṣẹ̀hìndé ni. Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ilé Àǹtí ni mo wà. Mo dọ̀bálẹ̀, sà, àyà mi wà lórí kápẹ́ẹ̀tì wọn bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Rédíò yẹn kì í ṣe tèmi.