Mílíìkì Tí Wọ́n Ní Ti Ẹlẹ́dẹ̀ Ni

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, tí orúnkún mi ò tíì máa pariwo bí mo bá fẹ́ dìde… ìjọba gbé mi láti Òmù-Àrán wá sí Ìlọrin yìí. Tíṣà jéléósinmi ni mí, nítòsí ọjà Ìpàta. Ọmọ tálákà ni wọ́n ṣí i fún. Ọ̀fẹ́ ni o. Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó gọbọi lórí ọmọ ọdún mẹ́ta, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ?

Ọ̀fẹ́, síbẹ̀ àwọn ọmọ ò wá. Ọ̀gá wa láti ọ́fíìsì ní bí yàrá ò bá kún kí oṣù tó parí, àwọn á ti ibẹ̀ pa, kí n máa lọ sílé. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo ti fẹ́ràn àwọn díẹ̀ tó ń wá yẹn.

Kí ló fà á? Mílíìkì ni. Ìjọba ń fún wa ní mílíìkì lẹ́búlẹ́bú inú agolo, ká máa pò ó fáwọn ọmọ. Ta ló mọ irú ẹ̀ nígbà náà? Èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri ni wọ́n mọ̀. Àwòrán ọmọ kan tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀ ló wà lára agolo. Ìyáálé kan wò ó títí, ó ní mílíìkì màálù ò lè mú ọmọ sanra báyìí, ti ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ó parí, Mùsùlùmí ni gbogbo wọn. Bí èmi náà bá mu ún lójú wọn ńkọ́? Wọ́n á ní Kìrìsìtẹ́nì ni mí, pé mò ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Àáfà tí ilé kéú wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n pe àwọn ìyá jọ, wọ́n ní kí n po ife kan. Wọ́n ṣe Bìsìmílà, wọ́n mu ún tán, wọ́n nu irùngbọ̀n wọn. Wọ́n ní:

"Bó bá jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ń bẹ lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ń pa, kéú ò lè wọ̀ ọ́ lórí."

Wọ́n wá tún na ife sí mi, pé kí n bu sí i. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ gbọ́, wọ́n kó ọmọ dé! Títí kan èyí tó ṣì ń mu ọyàn. Nígbà tí ọ̀gá ọ́fíìsì dé, kò ríbi fẹsẹ̀ lé. Ta ló tún ń sọ̀rọ̀ à ń tì í pa?

Nígbà tó yá, ìjọba ò fi mílíìkì ránṣẹ́ mọ́… ẹ ṣáà mọ ìjọba. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn ló ń gbé ẹ̀kọ mímu wá láràárọ̀, fún gbogbo ọmọ, kì í ṣe tiwọn nìkan. Inú mi dùn nígbà náà, ó ṣì ń dùn dòní.

Lónìí ńkọ́? Wọ́n á kọ́ ilé, wọ́n á kùn ún, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Ta ló bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀? Hmm… Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba nínú yín, bí wọ́n bá rán ọ lọ ṣí irú ẹ̀, kọ́kọ́ wá ẹni tí àwọn ìyá gbẹ́kẹ̀ lé. Kó mu ún lójú wọn.